Má Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Sọ Pé "Ó Ti Wọlé" Nígbà Tí Kò Tíì Wọlé

Ṣómólú, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Nímọ́tà, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kó sì bá ọ kí o tó fọwọ́ kan ohun tí o ní o fẹ́ fọwọ́ kàn. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí o wá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí yàrá tí o gbà ní Abẹ́òkúta. Tirẹ̀ nìyẹn. Tèmi ju ẹ̀fọn lọ.

Lánàá tí o pè mí, inú rẹ ń dùn. O ní ilé ìwòsàn yín ti fi dátábéèsì wọn lé ọ lọ́wọ́, gbogbo orúkọ aláìsàn, gbogbo oògùn, gbogbo àyẹ̀wò. O ní àwọn nọ́ọ̀sì ń ráhùn pé bí àwọn bá tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ, ó máa ń ṣe bí ẹni tó ń ronú kó tó dá àwọn lóhùn. O wá ní, "Dádì, mo ti rí ibi tí wàhálà náà wà. Dísìkì ló ń dúró dè. Màá kàn ní kó má dúró dè é mọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, eré ló máa sá!"

O ní, "Dádì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ ń bi mí pé ta ló kú.

O mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí kí n tó di olùkọ́ ìṣirò. Mo sọ fún ọ nígbà kan pé iṣẹ́ náà ló sú mi. Kò sú mi rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí lọ. Ohun tó lé mi kúrò nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí rí, àfi ìyá rẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, a ò tíì bí ọ. Akọ̀wé ni bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, akọ̀wé ni bàbá tirẹ̀ náà. Ìdílé wa ò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí a kọ nǹkan sílẹ̀ kó má baà sọnù. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi ẹ̀rọ kọ ọ́, mo sì ń gbéra ga nítorí rẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà ní Pedro nígbà náà. Kò sí mọ́ lónìí. Àwọn èèyàn máa ń wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké tó wà káàkiri Ṣómólú àti Bàrígà á sì wá gbà á fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Báàgì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí o bá tẹ nọ́ńbà yẹn sínú kọ̀ǹpútà, yóò sọ fún ọ pé "a lè lò ó" tàbí "a kò gbọdọ̀ lò ó". Ọ̀gá wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mádáàmù, ló ni ibẹ̀. Sísì Bísí ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, obìnrin jẹ́jẹ́ tó fi ọdún bíi mẹ́fà jù mí lọ. Èmi ni mò ń tọ́jú dátábéèsì.

Àwọn náà ń ráhùn bí àwọn nọ́ọ̀sì yín. Sísì Bísí á tẹ èsì àyẹ̀wò, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo gíláàsì kọ̀ǹpútà. Mádáàmù á ní, "Tájù, ṣé ẹ̀rọ tìrẹ yìí ń sùn ni?" Ojú a máa tì mí.

Àṣàkẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà fún ọ bí ó ṣe yé mi nísinsìnyí. Mo mọ̀ pé ilé-ìwé ti kọ́ ọ ní orúkọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ nǹkan kì í dẹ́rù ba èèyàn, mo sì fẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù díẹ̀.

Dátábéèsì kì í lọ yí nǹkan padà tààrà lórí dísìkì, ibi tí kì í gbàgbé nǹkan bí iná bá lọ, torí pé dísìkì lọ́ra. Bí o bá fẹ́ yí ìlà kan padà, yóò gbé odidi ojú-ewé tí ìlà náà wà wá sínú mẹ́mórì, ibẹ̀ ni yóò ti yí i. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ojú-ewé náà ti di méjì: ti mẹ́mórì tó jẹ́ tuntun, àti ti dísìkì tó ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Ti mẹ́mórì yìí ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní ojú-ewé tó dọ̀tí. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀, òun gan-an ni òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, mẹ́mórì á ṣófo, ti àtijọ́ nìkan ló máa ṣẹ́kù.

Dátábéèsì kì í sì í kánjú kó àwọn ojú-ewé bẹ́ẹ̀ lọ sórí dísìkì. Ojú-ewé kan lè yí padà nígbà ogún láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ló dé tí yóò fi gbé e lọ nígbà ogún? Á jẹ́ kí wọ́n pọ̀ díẹ̀. Nígbà tó bá tó àkókò tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́kípọ́ìntì, á rí i dájú pé gbogbo wọn ti dé orí dísìkì.

Kí ló wá ń ṣọ́ òtítọ́ kó tó dìgbà yẹn? Lọ́ọ̀gì, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ fún ara rẹ̀, nìkan ni. Kí dátábéèsì tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé "ó ti wọlé", ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó yí padà sínú lọ́ọ̀gì ní ṣókí, kó ti lọ́ọ̀gì náà dé orí dísìkì, kó sì dúró títí dísìkì yóò fi dáhùn pé òun ti gbà á. Kò sí ojú-ewé dídọ̀tí tó gbọdọ̀ ṣáájú lọ́ọ̀gì tirẹ̀ dé dísìkì. Bí iná bá lọ, tó padà dé, dátábéèsì á ka lọ́ọ̀gì láti ibi ṣẹ́kípọ́ìntì tó kẹ́yìn, á sì tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe sórí àwọn ojú-ewé àtijọ́. Ohunkóhun tó ti sọ pé ó wọlé kò ní sọnù.

Ìdúró díẹ̀ yẹn, ìdúró tí àwọn nọ́ọ̀sì yín ń ráhùn sí, òun ni gbogbo ìlérí tí ẹ̀rọ náà ṣe fún wọn. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi pa á. Mo kà á níbì kan pé ìlà kan wà nínú ètò dátábéèsì tí a lè fi sọ fún un pé kó má dúró de dísìkì mọ́, kó kàn ju lọ́ọ̀gì sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ ìlà náà, wọ́n kọ ọ́ pé ó léwu. Mo rí i, mo kà á, mo sì rò pé àwọn tó kọ ọ́ ń ṣe ojo ni. Mo yí i ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kó tó di ọ̀sán, Sísì Bísí ti pariwo láti inú yàrá àyẹ̀wò pé, "Tájù! Kí lo fún ẹ̀rọ yìí jẹ?" Mádáàmù fọwọ́ lù mí léjìká níwájú gbogbo èèyàn. Ọmọ mi, oyin ni ìyìn ọ̀gá lẹ́nu ọ̀dọ́. N kò sọ ohun tí mo ṣe fún ẹnikẹ́ni. Mo jẹ́ kí wọ́n rò pé ọgbọ́n ni.

Iná lọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, torí pé bátìrì kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà dúró títí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ kan pé ikùn bátìrì náà ti wú. Mo ní màá sọ fún Mádáàmù. N kò sọ.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì kan, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Báàgì ẹ̀jẹ̀ kan wà nínú fíríìjì, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n, O nẹ́gátíìfù. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti ní ó mọ́, a sì ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé a lè lò ó. Ṣùgbọ́n ọkàn Sísì Bísí kò balẹ̀ sí àyẹ̀wò náà, ló bá tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ó rí i pé àrùn ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, èyí tó máa ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó yí i sí "a kò gbọdọ̀ lò ó". Ẹ̀rọ dá a lóhùn kíá pé ó ti wọlé. Ó fẹ́ lẹ téèpù pupa mọ́ báàgì náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, téèpù ti tán. Ó mú agbòjò, ó ní òun ń lọ rà á lódìkejì títì.

Kò tíì sọdá tí iná fi lọ. Bátìrì ò gbé e dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan pàápàá. Gbogbo nǹkan kú pii.

A tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà dìde, dátábéèsì dìde. Kò ké, kò ráhùn, kò sọ pé òun ṣàìsàn. Mo ní alihamdulilahi. Bó o bá wò ó, kò sí ohun tó yàtọ̀.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìgbẹ̀bí kan ní Abúlé Òkúta wọlé, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin kan bímọ láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ò dá. O nẹ́gátíìfù ni, ẹ má sọ pé kò sí."

Mo tẹ nọ́ńbà báàgì náà. Ẹ̀rọ ní a lè lò ó.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

Mo ní, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́."

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e fún un. Ó sáré jáde. Mo ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń wò ó pé a ti gba ẹ̀mí kan là lónìí.

Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ni Sísì Bísí padà dé pẹ̀lú téèpù. Ó ṣí fíríìjì. Ó tì í. Ó tún un ṣí. Ó ní, "Tájù, báàgì tó wà níbí dà?"

"Nọ́ọ̀sì Abúlé Òkúta ti gbé e lọ."

"Báwo ló ṣe gbé e lọ? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó!"

"Sísì, ẹ ò kọ ọ́. Mo wò ó. A lè lò ó ni mo rí."

"Mo kọ ọ́! Mo rí i tó ní ó ti wọlé! Mo fi ojú mi rí i!"

Àwa méjèèjì sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ nọ́ńbà náà. A lè lò ó. Mo wo àwọn ìlà tó wọlé kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, mo fi wọ́n wé ìwé tí Sísì Bísí fi ọwọ́ kọ. Ìlà méje péré ló sọnù. Ti báàgì náà ló gbẹ̀yìn nínú wọn. Òtítọ́ wà nínú mẹ́mórì, lọ́ọ̀gì tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ wà nínú mẹ́mórì bákan náà, nítorí èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ má dúró. Iná lọ, àwọn méjèèjì jọ ṣègbé, ohun tó kù lórí dísìkì ni ojú-ewé àná tó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ burúkú mọ́. Òtútù kan mú mi láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún, Nímọ́tà. Òtútù náà ló tún mú mi lánàá nígbà tí o ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

A pe nọ́ọ̀sì náà, fóònù rẹ̀ ò wọlé. A gun ọ̀kadà kan ṣoṣo, àwa méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀, òjò ń na ojú wa. Sísì Bísí ń ké sí ọlọ́kadà pé, "Sáré, ẹ̀gbọ́n, sáré!" Èmi ń gbàdúrà pé kí nọ́ọ̀sì ti ṣubú lọ́nà, kí báàgì náà ti bẹ́. Wo irú àdúrà tí mò ń gbà.

Kò ṣubú. Nígbà tí a wọlé, báàgì náà ti wà lókè orí ìkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lọ sí apá obìnrin náà. Fúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ìyá rẹ̀, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà, gbé ọmọ tuntun náà mọ́ra, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì sí i létí. Sísì Bísí ò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ fún rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá pinpin, ẹ̀jẹ̀ dúró.

Nọ́ọ̀sì ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ̀ ń pa á!"

Sísì Bísí ní, "Ẹ̀jẹ̀ yìí kọ́."

"Kí la fẹ́ fún un nígbà náà? Òun nìkan ló wà!"

Bí a bá fi í sílẹ̀, àìsàn ni. Bí a bá yọ ọ́, ikú ni. Ìyá arúgbó náà ló ní àbúrò Fúnmi ọkùnrin wà létí ọ̀sà, pé wọ́n ti sọ fún wọn rí pé irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ọlọ́kadà wa ló lọ gbé e wá. Ó dé pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́. Sísì Bísí yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin apẹja yẹn ló gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin báàgì àkọ́kọ́ ti wọ ara Fúnmi.

Kí n tó sọ ìyókù, jẹ́ kí n gbà ọ́ níyànjú, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé o lè ju lẹ́tà yìí sílẹ̀ kí o tó dé ìparí.

Àkọ́kọ́: fi ìdúró náà sílẹ̀ bí o ṣe bá a. Bí o bá ti yí i, dìde báyìí, lọ dá a padà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá lọ́ra, ọ̀nà mìíràn wà. Gbé lọ́ọ̀gì lọ sórí dísìkì tirẹ̀, kó má máa bá àwọn ojú-ewé jà. Jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà jọ wọ ọkọ̀ kan lọ sórí dísìkì, kí ìdúró kan tó fún gbogbo wọn. Wo ṣẹ́kípọ́ìntì rẹ: bó bá ń da gbogbo ojú-ewé dídọ̀tí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dísìkì á há, gbogbo èèyàn á sì máa retí; nà án gùn, kó máa dà á díẹ̀díẹ̀. Má sì jẹ́ kí ó jìnnà síra jù pẹ̀lú, kí lọ́ọ̀gì má baà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi dúró fún wákàtí kan kí dátábéèsì tó kà á tán lọ́jọ́ tí iná bá lọ.

Èkejì, má gba ọ̀rọ̀ dísìkì gbọ́ nítorí pé ó dáhùn. Kọ̀ǹpútà ní mẹ́mórì tirẹ̀ tó máa ń kó nǹkan pamọ́ sí, dísìkì náà ní kékeré kan nínú. Àwọn dísìkì kan wà tí wọ́n á ní àwọn ti gbà á, tó sì jẹ́ pé inú mẹ́mórì kékeré yẹn ló ṣì wà. Kí ẹ tó fi aláìsàn kan sórí ẹ̀rọ, gbé ẹ̀rọ ìdánwò kan kalẹ̀, máa kọ nǹkan sí i, kí o sì fa okùn iná rẹ̀ yọ lójijì. Ka ohun tó kù. Tún un ṣe. Bí ìlà kan péré bá sọnù lẹ́yìn tó ti ní ó wọlé, irọ́ wà níbì kan, wá a rí.

Ohun mìíràn tún wà. Ojú-ewé kan lè wọ orí dísìkì dé ìdajì kí iná tó lọ: òkè rẹ̀ á jẹ́ tuntun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ ti àtijọ́, ìlà kan nínú lọ́ọ̀gì kò sì lè tún irú ojú-ewé tó ya bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn dátábéèsì kan fi máa ń kọ odidi ojú-ewé náà sínú lọ́ọ̀gì nígbà àkọ́kọ́ tó bá yí padà lẹ́yìn ṣẹ́kípọ́ìntì. Ẹnìkan tó gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ á sọ fún ọ pé ó ń jẹ ààyè, kí o pa á. Rántí bàbá rẹ, má pa á.

Yẹ bátìrì wò. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la.

Bí ẹ̀rọ bá sì kú, tó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí àyà rẹ já. Dá gbogbo èèyàn dúró. Fi ohun tó wà nínú rẹ̀ wé ohun tí ọwọ́ kọ, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan fún aláìsàn. Èmi ni mo ní alihamdulilahi, tí mo sì gbé ikú fún nọ́ọ̀sì.

Èyí tó kù ni ó wúwo jù, n kò lè fi nọ́ńbà sí i.

Mádáàmù pe èmi àti Sísì Bísí wọ ọ́fíìsì. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ náà kò bá ti ara rẹ̀ mu, kó parí síbẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ àrùn, kó má padà wá síbí." Sísì Bísí jà fún ohun kan ṣoṣo, pé kí ọmọ tuntun náà gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀ lójú òun, wọ́n sì fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa méjèèjì dákẹ́. Mo dá ìdúró ẹ̀rọ padà ní ìkọ̀kọ̀, mo sì sọ fún ara mi pé mo ti tún un ṣe.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Nọ́ọ̀sì Abúlé Òkúta wá gba ẹ̀jẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ní, "Ẹ rántí Fúnmi? Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí òróró. Wọ́n ní àrùn ẹ̀dọ̀ ni. Ẹnìkan sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àlè ni obìnrin ti máa ń kó o, ọkọ ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé wọn ní Ọbáníkòró. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà pẹ̀lú ọmọ."

Ẹ̀rù àrùn ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà tí ó lè sọnù lọ́wọ́ èèyàn ju ẹ̀mí lọ. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta bá ara mi jiyàn. Mo ní wọ́n á lé mi. Mo ní wọ́n á mú mi. Mo ní àwọn apẹja á jù mí sínú ọ̀sà. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí Bàrígà, mo rin orí pátákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi dé ilé ìyá Fúnmi.

Fúnmi dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn, ìlà tó sọnù, èmi tí mo gbé báàgì fún nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó gbá mi létí. Mo gbà á. Fúnmi ò sunkún.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ló purọ́ fún yín, àbí ẹ̀yin lẹ ní kó máa purọ́?"

Gbogbo àlàyé tí mo kó wá, lọ́ọ̀gì, bátìrì, NEPA, ó tán lẹ́nu mi. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó máa purọ́."

Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ fún ọkọ mi bẹ́ẹ̀."

Mo lọ. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, níwájú rẹ̀ àti níwájú àwọn ará ilé wọn. Ọkọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ bo ojú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà létí ọ̀sà tó ń bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀. Mádáàmù lé mi lọ́jọ́ kejì, n kò bá a jà. Sísì Bísí tẹ̀lé mi jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e.

Àìsàn náà ṣe Fúnmi fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà sí i, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára rẹ̀. Kò ran ọmọ. Nígbà tó pé ọdún kan, àyẹ̀wò fi hàn pé ara rẹ̀ ti borí rẹ̀ pátápátá. Mo lọ kí i lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọsàn díẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó gba ọsàn náà, ó jẹ́ kí n gbé ọmọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ẹnu pátákó, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ òtítọ́. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́."

N kò lọ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń bà á,

Tájùdéènì.